Dìsẹ́ńbà tàbí Júùnù: ìgbà wo ni kí èèyàn gbé ọ̀pá fláì lọ sí Baja?

ÌBÉÈRÈ: Houston ni mò ń gbé. Mo ti ń fi fláì, ìyẹn ìwọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ àti irun dì, pa redfish ní etíkun Texas, ọwọ́ mi sì ti mọ́ ọn. Ohun tó wù mí báyìí ni ẹja àkùkọ, tí wọ́n ń pè ní roosterfish, ní East Cape ti Baja California Sur, Mẹ́síkò. Àsìkò Kérésì nìkan ni ibi iṣẹ́ máa ń fún mi láyè. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ilẹ̀ ooru ni, pé kò sóṣù tí ẹja kò sí níbẹ̀. Ẹlòmíì ní n ò ní rí nǹkan kan mú ní Dìsẹ́ńbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ẹ dárúkọ oṣù kan fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé "ó sinmi lórí" o.

* * *

Júùnù.

Bí Júùnù kò bá ṣeé ṣe, ìparí Méè tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Júláì. Dìsẹ́ńbà kọ́, àbúrò, bó bá jẹ́ pé ẹja àkùkọ lò ń wá, tó o sì fẹ́ dúró lórí iyanrìn fi fláì mú un.

Ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́. Ẹja wà níbẹ̀ yípo ọdún. Ohun tí kò bá ọ sọ ni afẹ́fẹ́. Láti nǹkan bí Nọ̀fẹ́ńbà títí wọ Máàṣì, afẹ́fẹ́ kan máa ń ti àríwá fẹ́ wá, El Norte ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Bí òtútù bá ti kó jọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, afẹ́fẹ́ tó wúwo yẹn á wá ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù, Òkun Cortez, omi tó wà láàárín Baja àti ilẹ̀ Mẹ́síkò tó kù, ló sì máa gbà. Òkè wà lápá Baja, òkè wà ní òdìkejì, omi tó wà láàárín wọn gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Kò sí ohun tó máa dá afẹ́fẹ́ náà dúró títí á fi dé Los Barriles, ìlú kan ní East Cape. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi ìgbòkun sáré lórí omi fi máa ń rọ́ lọ síbẹ̀ nígbà òtútù. Wọ́n ń sanwó torí afẹ́fẹ́ tí yóò lé ìwọ kúrò ní etíkun.

Kì í ṣe pé ó máa ń fẹ́ lójoojúmọ́. Ó lè fẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, kó sinmi, kó tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lo ní, o ò sì lè bá a dá ọjọ́.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó dá mi lóhùn láti San Diego ní òun mú ẹja àkùkọ ní Jánúárì, pé kí n yéé kó ọ̀rọ̀ òtútù bá ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀gbọ́n, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ pé inú ọkọ̀ lẹ wà, tí kápitéènì gbé yín lọ síbi tí òkè bo afẹ́fẹ́, tí ẹ sì fi ìjẹ ààyè mú un. Ẹja tó ń jẹ ìjẹ ààyè nínú omi jíjìn yàtọ̀ sí ẹja tó ń sáré bọ̀ wá sí omi tí kò ju orúnkún lọ láti wá lé mullet, ẹja kéékèèké tó ń jẹ. Èyí èkejì lọmọ yìí ń béèrè. Omi gbígbóná ló ń gbé èyí wá sí etí ilẹ̀.

Ní Fẹ́búárì, omi East Cape lè wálẹ̀ dé nǹkan bí dígíríì 21 lórí Celsius. Ní Ọ́gọ́ọ̀sì á ti tó 29 tàbí 30. Láàárín méjèèjì ni sadíìnì àti mullet á ti kún etíkun, tí ẹja àkùkọ á sì tẹ̀ lé wọn.

Ohun kan tún wà tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú: Baja ní etíkun méjì. Èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ìgbì Pàsífíìkì gan-an ló ń lù ú, omi tútù tó ń ti ìhà California sọ̀ kalẹ̀ ló sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà ìrúwé, afẹ́fẹ́ máa ń ti omi òkè lọ sínú agbami, omi tútù ìsàlẹ̀ á sì gòkè wá rọ́pò rẹ̀. Ní Méè, o lè wọ súwẹ́tà ní àárọ̀ ní Todos Santos, lápá Pàsífíìkì, kí o sì máa làágùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà ní La Ribera, ní East Cape. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé "Baja gbóná" tàbí "Baja tutù," bi í pé etíkun wo.

* * *

Aago mélòó ni kéèyàn jáde? Ibí yìí ni èmi àti ọ̀pọ̀ yín ò ti ní gbà fún ara wa.

Èyí tó pọ̀ jù nínú yín ní ìdájí ni, kí oòrùn tó yọ, torí afẹ́fẹ́ ò tíì dìde. Òótọ́ ni pé omi máa ń pa rọ́rọ́ nígbà yẹn, ẹni tó bá sì wà nínú ọkọ̀ lè rí àwọn ẹyẹ tó ń já lu sadíìnì láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n lórí iyanrìn, ojú la fi ń pẹja àkùkọ. East Cape kọjú sí ìlà-oòrùn. Títí bí aago mẹ́sàn-án, oòrùn wà níwájú rẹ, omi ń dán bíi páànù tuntun, o ò sì ní rí ẹja tó wà ní ìwọ̀n ọ̀pá mẹ́wàá sí ọ.

Aago mẹ́wàá sí aago méjì ni tèmi. Ilẹ̀ gbóná nígbà náà débi pé o ò lè bọ́ bàtà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Trópíìkì Cancer, ìlà tí oòrùn máa ń dé kẹ́yìn níhà àríwá, gba ibẹ̀ kọjá. Òkúta ribiti kan wà lẹ́bàá ọ̀nà nítòsí Santiago tí wọ́n fi sàmì sí i. Ní ìparí Júùnù, lọ́sàn-án gangan, orí rẹ tààrà ni oòrùn wà. Kò sí ìtànṣán tó ń ta sí ọ lójú, o sì ń rí iyanrìn ìsàlẹ̀ omi kedere. Wọ jígí tó ń gé ìtànṣán orí omi. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jọ bàbà ló dára fún omi tí kò jìn. Èyí tó dúdú bíi ti awakọ̀ á fi ẹja pa mọ́ fún ọ.

Bí o ṣe máa rí wọn nìyí. Mullet á kọ́kọ́ fò sókè, mẹ́ta, mẹ́rin, wọ́n á sì forí lé ilẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jáde kúrò nínú omi pátápátá. Lẹ́yìn wọn ni ogbe náà á yọ: ẹ̀gún gígùn méje tó wà lẹ́yìn ẹja àkùkọ, tó máa ń dùbúlẹ̀ sínú kòtò kan lẹ́yìn rẹ̀, tó sì máa ń nà sókè bí inú rẹ̀ bá ti ru sí oúnjẹ. Ìlà dúdú méjì á hàn lára rẹ̀. Sáré, kí o lọ síwájú rẹ̀. Má ju fláì sí i lórí. Jù ú síwájú, kí o sì fi ọ̀pá há abíyá, kí o máa fi ọwọ́ méjèèjì fa okùn láìdúró. Ẹja náà á tẹ̀ lé e, ogbe rẹ̀ á ta omi, á dé ìwọ̀n ọ̀pá kan sí ẹsẹ̀ rẹ, á sì yà kúrò. Ohun tó máa ń ṣe jù nìyẹn. Ẹni tó bá dẹ ọwọ́ nígbà tó rí i pé ẹja ti sún mọ́ òun ló ń fà á kó yà. Oúnjẹ tó ń sá fún ikú kì í dúró wo ẹ̀yìn. Máa yára sí i ni.

Bó bá sì gbé e, má gbé ọ̀pá sókè bí àwọn tó ń pa trout ṣe ń ṣe. Fa okùn gan-an ni kí o fi kàn án, tààrà, títí ìwọ̀ á fi wọlé.

* * *

Ìyá tó ní ọmọ Ìlàjẹ lòun, pé lọ́dọ̀ tàwọn, bí omi ṣe ń kún àti bó ṣe ń fà ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ń gbé àwọ̀n jáde, kí ló dé tí n ò dárúkọ rẹ̀? Mà, ìbéèrè tó dáa ni, torí pé Òkun Cortez kò rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lókè pátápátá, níhà San Felipe àti Puerto Peñasco, omi lè kún kó sì fà tó mítà mẹ́fà tàbí méje. Ọkọ̀ tó wà lórí omi láàárọ̀ lè wà lórí ẹrẹ̀ lọ́sàn-án. Ní East Cape, nísàlẹ̀, kì í sábà ju mítà kan àti díẹ̀ lọ. Ó ní ohun tó ń ṣe: bí omi bá ń kún, mullet máa ń sún mọ́ ilẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń kún lójú rere tí El Norte sì ń fẹ́, inú ilé lo máa jókòó sí. Bí omi bá dúró jẹ́ẹ́ tí afẹ́fẹ́ sì rọ̀, o ṣì lè mú ẹja.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá yìí ti múlẹ̀ ni Magdalena Bay, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn. Igi ẹ̀gbà ló kún ibẹ̀, odò tóóró tóóró ń gba àárín wọn kọjá, bí omi bá sì ń fà jáde, gbogbo edé àti ẹja kéékèèké á bá a lọ. Ẹnu odò wọ̀nyẹn ni àwọn ẹja bíi snook àti corvina máa ń dúró sí. Ẹni tó bá dàgbà sí ẹ̀bá ọ̀sà á mọ ibi tó yẹ kó dúró kí kápitéènì tó sọ fún un.

* * *

Lórí irinṣẹ́, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ọ̀pá nọ́ńbà 8 lọ́wọ́, tó sì sọ pé ó tó, sí ẹ̀gbẹ́ kan (bí nọ́ńbà ọ̀pá bá ṣe ń pọ̀ ni agbára rẹ̀ ń pọ̀). Ó tó fún àwọn ẹja bíi sierra àti jack kéékèèké. Fún ẹja àkùkọ, nọ́ńbà 10, kì í sì í ṣe torí agbára nìkan. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣì máa ń wà ní Júùnù, fláì tó gùn tó ìka ọwọ́ rẹ méjì kì í sì í rọrùn láti gbá wọ inú afẹ́fẹ́. Ẹja àkùkọ tó wúwo jù nínú ìwé IGFA, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣe àkọsílẹ̀ àti òfin ìpẹja fún ìgbádùn, ju kílò 51 lọ. La Paz ni wọ́n ti mú un ní 1960, kì í ṣe fláì ni wọ́n fi mú un. Èyí tí ìwọ máa bá pàdé lórí iyanrìn kò ní tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí okùn ẹ̀yìn inú ríìlì rẹ, ìyẹn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so mọ́ ìdí okùn fláì, tó yáàdì 200, ó kéré tán.

Okùn fláì gan-an ló ń ba ìrìn àjò àwọn èèyàn jẹ́. Okùn tí wọ́n ṣe fún omi tútù máa ń rọ̀ nínú ooru yẹn, á máa lẹ̀ mọ́ ihò ọ̀pá, kò sì ní jìnnà bó o bá jù ú. Ra èyí tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ ooru. Èyí tó ń rọra rì ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, torí ìgbì kékeré kò ní máa gbé e síhìn-ín sọ́hùn-ún bíi ti èyí tó ń léfòó. Oríṣi fláì méjì tí wọ́n ń pè ní Clouser àti Deceiver, funfun tó gbé àwọ̀ ewé tàbí eérú lẹ́yìn, ti tó. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta fláì ta ogún oríṣi fún yín.

Bí o bá ń rìn nínú omi, máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, má gbé e sókè. Ẹja pẹlẹbẹ kan máa ń sin ara rẹ̀ sínú iyanrìn níbẹ̀, ẹ̀gún olóró wà ní ìrù rẹ̀. Bó bá gún èèyàn, omi gbígbóná tí ara lè gbà ni wọ́n ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, lẹ́yìn náà dókítà.

* * *

Wọ́n tún bi mí: bí kápitéènì bá ń da sadíìnì ààyè sómi kí ẹja lè wá, ṣé fláì lèèyàn fi pa á lóòótọ́?

Lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ ni, fún dorado àti fún tuna. O ṣì máa ju fláì rẹ láàárín ọgọ́rùn-ún sadíìnì ààyè, kí o sì jẹ́ kí ẹja yan tìrẹ. Òfin IGFA pàápàá kò ka jíju ìjẹ sómi léèwọ̀. Ohun tí wọ́n kà léèwọ̀, tí èmi náà kò sì gbà, ni kí ọkọ̀ máa fa fláì lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ wà láìsí nínú gíà nígbà tí o bá ju fláì àti nígbà tí o bá ń fà á bọ̀. Mo ti rí àwọn tó fi fláì sẹ́yìn ọkọ̀ láti ibùdókọ̀ dé ibi ìpẹja, wọ́n sì ń pe èyí tó bá kọ́ ọ ní ẹja fláì. Ẹja tí ọkọ̀ mú nìyẹn.

* * *

"Ẹ̀yin Yorùbá tẹ́ ẹ ń náwó tó pọ̀ báyìí láti mú ẹja kẹ́ ẹ tún dá a padà sómi, kí ló ṣe yín?"

Ìbéèrè yẹn bí ọ̀pọ̀ nínú, kò bí mi. Ilé wa, ẹja tó bá jáde kúrò nínú omi, ìkòkò ló ń lọ. Nítorí náà, dorado ni kí ẹ jẹ. Ẹran rẹ̀ funfun, ó le dáadáa, kì í fọ́ nínú ọbẹ̀ ata, inú àwọn tó ní ilé oúnjẹ ní Los Barriles sì máa ń dùn láti bá yín sè é. Òfin Mẹ́síkò fún ẹnì kan ní méjì lóòjọ́. Ẹja àkùkọ náà, méjì ni òfin kọ, ṣùgbọ́n ẹran rẹ̀ dúdú, kò dùn tó bẹ́ẹ̀, ó sì ṣe pàtàkì láàyè ju lórí àwo lọ. Òfin ibẹ̀ fi marlin, dorado àti ẹja àkùkọ sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja fún ìgbádùn nìkan, láti etí ilẹ̀ dé máìlì òkun 50. Àwọn tó ń pẹja tà kò láṣẹ sí wọn níbẹ̀. Ẹja tí wọ́n tìtorí wa dá sí ni, ó yẹ ká lò ó dáadáa.

Ìdí nìyí tí mo fi tẹnu mọ́ ọ̀pá nọ́ńbà 10. Omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀ sára. Bí o bá bá ẹja jìjàkadì fún wákàtí kan kó tó dé ọwọ́ rẹ, ó lè kú lẹ́yìn tó bá lọ tán. Jẹ́ kí ìjà náà kúrú. Má wọ́ ọ gun iyanrìn gbígbóná torí fọ́tò. Di ìdí ìrù rẹ̀ mú nínú omi, kí wọ́n yà á, kó lọ.

Kí ẹ má sì ju fláì kankan ní Cabo Pulmo, abúlé kan ní East Cape. Láti 1995 ni ìjọba ti sọ ibẹ̀ di ọgbà ìpamọ́, àwọn ará abúlé náà, tí apẹja pọ̀ nínú wọn, ló sì jà fún un. Láàárín 1999 sí 2009, àwọn onímọ̀ wọn ìwúwo gbogbo ẹja tó wà níbẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó ti lé ní ìdá 460 nínú ọgọ́rùn-ún sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹja kì í mọ ààlà. Àwọn tó sanra níbẹ̀ ń rìn jáde wá bá wa.

* * *

Ẹni tó rí òtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú ní Sẹ́tẹ́ńbà: ìjì ló mú un pọ́ọ́kú. Omi gbóná, ẹja wà, ṣùgbọ́n àsìkò ìjì líle nìyẹn. Ní 2014, ní òru ọjọ́ 14 mọ́jú ọjọ́ 15 Sẹ́tẹ́ńbà, ìjì Odile já lu Los Cabos. Ó ba pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀ jẹ́ débi pé ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun ló ń kó àwọn àlejò jáde. Kódà ìjì tó kọjá lọ́ọ̀ọ́kán láìfọwọ́ kan ilẹ̀ lè mú kí àgbàrá ya ojú ọ̀nà, kí omi etíkun sì rú fún ọjọ́ púpọ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ, ṣùgbọ́n kí tíkẹ́ẹ̀tì yín jẹ́ èyí tí wọ́n lè yí padà.

Ọ̀rọ̀ ìwé náà ti ń pọ̀ jù nínú àwọn ìbéèrè tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, green card tàbí físà Amẹ́ríkà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá tó fún yín láti wọ Mẹ́síkò. Ìwé àṣẹ ìpẹja: ẹni tó bá ń pẹja nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní in, ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ kò nílò rẹ̀.

* * *

Àbúrò Houston ti padà wá o. Ó ní òun ti sanwó tíkẹ́ẹ̀tì kí òun tó ka ìdáhùn wa, wọn ò sì ní dá owó padà. Ọ̀sẹ̀ kejì Dìsẹ́ńbà lòun ń lọ.

Ó dáa. Gbàgbé ẹja àkùkọ lọ́tẹ̀ yìí, má sì jókòó sí Los Barriles máa wo ìgbì. Gba mọ́tò láti La Paz lọ sí Puerto San Carlos ní Magdalena Bay, ó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta. Igi ẹ̀gbà á gba afẹ́fẹ́ dúró fún ọ, odò á sì wà tí o lè pẹja nínú rẹ̀ bí òkun tilẹ̀ ń ru. Ọ̀pá nọ́ńbà 8 tí o fi ń pa redfish á wúlò níbẹ̀ gan-an, àti okùn tó ń yára rì, torí snook àti cabrilla máa ń fara mọ́ gbòǹgbò igi nísàlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fún yín ní àárọ̀ kan péré, kí kápitéènì gbé ọ jáde síta: striped marlin máa ń kó jọ síbẹ̀ láti Ọ́kítóbà wọ Dìsẹ́ńbà láti jẹ sadíìnì, o sì máa nílò ọ̀pá nọ́ńbà 12 fún ìyẹn. Yá ti ẹlòmíì, má tíì rà á.

Bá kápitéènì sọ̀rọ̀ báyìí, kí o sì sọ fún un kedere pé fláì lo fẹ́ fi pẹja, kó má lọ ra ìjẹ sílẹ̀ dè ọ́. Máà sún un dé Jánúárì, torí àbùùbùtán máa ń wá bímọ síbẹ̀ nígbà yẹn, èrò tó ń wá wò wọ́n ló sì máa ń gba ọkọ̀ tán títí wọ Máàṣì.